Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ya àwòrán ọmọ mi, pé kò sẹ́jọ́ ńbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ lòfin wí?

Ìyá Elélùbọ́ · Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Kíkà ni mo máa ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í dá sí i. Èyí tó gbé mi wá lónìí ti kọjá agbára mi ni.

Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 14, SS1 ló wà. Nígbà tí iléèwé wọn ṣe eré ìje, ó sá 200 mítà, ó gba ipò kejì. Wọ́n ya á ní fọ́tò bó ṣe ń rẹ́rìn-ín tí òógùn bò ó lójú, wọ́n gbé e sójú Facebook iléèwé. Èmi náà gbé e sójú WhatsApp tèmi fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Inú mi dùn ni.

Kò pẹ́ sígbà yẹn lọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé inú ń run òun láràárọ̀. Mo rò pé ibà ni. Mo se àgbo, ó mu ún, kò lọ. Ọjọ́ karùn-ún ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, kò lè wò mí lójú, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí." Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta ní SS2 ti mú fọ́tò eré ìje yẹn, wọ́n gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń bọ́ aṣọ lára àwòrán, wọ́n wá fi èyí tó jáde ránṣẹ́ sí gúrúùpù kíláàsì. Ojú, ojú ọmọ mi ni. Ara, kì í ṣe ara rẹ̀. Ọmọ yẹn fi ránṣẹ́ sí mi kí n lè gbà á gbọ́. Ó ṣì wà lórí fóònù mi.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan láàárín ìlú. Ẹni tó wà ní káńtà ní, "Màámi, ẹ̀yin náà rí i pé ara ọmọ yín kọ́ nìyí. Kọ̀ǹpútà ló yà á. Ta lẹ fẹ́ ká mú, kọ̀ǹpútà?" Ó ní kí n lọ bá iléèwé sọ ọ́ ní ìtùbí-ìnùbí. Iléèwé ní kì í ṣe inú ọgbà àwọn ló ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, ṣé òótọ́ lọkùnrin yẹn sọ?

Ọmọ Ìgbọ̀nà · Ajé, 8:31 alẹ́

Háà. Ẹ kú ìrora, Màmá. Olúwa á bá yín tù ú nínú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà · Ajé, 8:52 alẹ́

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí ọlọ́pàá yẹn jàre. Wọ́n kọ́ wa pé ní 2002, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé àwòrán tí kọ̀ǹpútà dá ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí kò sí ọmọ gidi kankan tí wọ́n fìyà jẹ láti fi ṣe é. Ohun tí kò bá pa ẹnikẹ́ni lára, báwo lòfin ṣe fẹ́ mú un?

Alàgbà Ayétòrò · Ajé, 9:05 alẹ́

Ẹ̀yin ìyá òde òní náà ni. Ọmọbìnrin á wọ ṣòkòtò péńpé sáré níta gbangba, ẹ ó tún gbé e sójú ayé. Nígbà tiwa, ta ló jẹ́ dán an wò?

Olùkọ́ Àdùnní · Ajé, 9:20 alẹ́

Bàbá, ẹ dákun, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́. Aṣọ eré ìje tí iléèwé fún un ni ọmọ yẹn wọ̀. Ká ní hìjáábù ló wọ̀, ẹ̀rọ yẹn ì bá bọ́ ọ, torí kì í ṣe aṣọ ara ọmọ ló ń bọ́, ńṣe ló ń hun irọ́ sórí fọ́tò. Ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan ju pé ó sáré lọ. Ẹ má jẹ́ ká gbé ẹ̀bi àwọn tó ṣe é lé e lórí.

Màmá, ẹ má dáhùn ìyẹn. Ẹ dúró de àwọn agbẹjọ́rò.

Lọ́yà Òkè-Fìà · Ajé, 10:47 alẹ́

Màmá, ẹ kú ìfaradà. Ẹni tó wà ní káńtà yẹn ṣì yín lọ́nà. Òfin Nàìjíríà ti sọ̀rọ̀ lórí eléyìí láti 2015, kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó dé ọwọ́ ọmọ iléèwé rárá.

Cybercrimes Act ti 2015 lorúkọ òfin náà, abala 23 ni kẹ́ ẹ wò. Ẹni tó bá fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán ìṣekúṣe tí wọ́n fi ọmọdé ṣe, tàbí tó gbé e kalẹ̀ fún ẹlòmíì, tàbí tó pín in kiri, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni, tàbí owó ìtanràn tí kò ní ju mílíọ̀nù 20 náírà lọ, tàbí méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá wá a fún ara rẹ̀ tàbí tó tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ sórí ẹ̀rọ, ọdún 5, tàbí mílíọ̀nù 10, tàbí méjèèjì. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni lójú abala yẹn.

Ibi tó kàn yín gan-an wà nísàlẹ̀ abala náà, níbi tó ti sọ ohun tí àwòrán bẹ́ẹ̀ jẹ́. Nǹkan mẹ́ta ló kà: èyí tí ọmọdé gan-an wà nínú rẹ̀, èyí tí ẹni tó jọ ọmọdé wà nínú rẹ̀, àti àwòrán tó jọ òótọ́ tó dúró fún ọmọdé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú. Òfin ò sọ pé kámẹ́rà ló gbọ́dọ̀ yà á. Kò sọ pé ara ọmọ náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Kì í ṣe pé àwọn aṣòfin wa ṣèèṣì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o: ọ̀rọ̀ kan náà wà ní abala 9 àdéhùn Budapest ti 2001 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, Nàìjíríà sì wọ inú àdéhùn yẹn fúnra rẹ̀ ní 2022.

Akẹ́kọ̀ọ́, àbúrò mi, ẹjọ́ tó o mẹ́nu bà wà lóòótọ́. Ashcroft v. Free Speech Coalition ni. Àmọ́ ìdajì rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ. Òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ tó wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà ni wọ́n fi dá a, kò de ilé ẹjọ́ kankan ní Òṣogbo. Èkejì, àwọn adájọ́ yẹn ò fọwọ́ kan àwòrán tí wọ́n ti mú fọ́tò ọmọ gidi, ọmọ tó lórúkọ, tí wọ́n wá yí i padà. Wọ́n ní àwọn tó pẹjọ́ ò bá àwọn dé ìyẹn, wọ́n tilẹ̀ sọ pé irú rẹ̀ kan ọmọ gidi. Ojú ọmọ Màmá ló wà níbẹ̀, gbogbo kíláàsì ló sì mọ̀ ọ́n. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ tún ṣe òfin míì ní 2003 tó mú àwòrán kọ̀ǹpútà bí ìwà ìbàjẹ́ inú rẹ̀ bá dé òdiwọ̀n. Lóṣù karùn-ún 2025 ni ààrẹ wọn buwọ́ lu òmíràn tó fún àwọn ilé-iṣẹ́ ayélujára ní wákàtí 48 láti yọ irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ kúrò bí ẹni tó kàn bá ti ké sí wọn.

Màmá, ohun tó já mi láyà jù nínú ọ̀rọ̀ yín ni "ó ṣì wà lórí fóònù mi." Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá iléèwé, sí pásítọ̀, sí ẹ̀gbọ́n yín ní Ìbàdàn, kódà sí èmi. Ẹ má sì pa gbogbo ọ̀rọ̀ tó yí i ká rẹ́. Ẹ mú bébà, ẹ kọ ọ́: orúkọ gúrúùpù, nọ́ńbà ẹni tó kọ́kọ́ gbé e síbẹ̀, ọjọ́, aago, ẹni tó fi hàn yín. Fóònù yẹn gan-an lẹ ó gbé fún ọlọ́pàá, kí wọ́n kọ ìwé pé àwọn gbà á. Mo ti rí òbí tó fi àwòrán ọmọ ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́jọ kó lè fi "ẹ̀rí" hàn wọ́n. Òun náà ti pín in kiri nìyẹn.

Ìyá Elélùbọ́ · Ajé, 11:02 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fi han ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lójú fóònù, n ò fi ránṣẹ́. Mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè mi báyìí.

Ayàwòrán Ọ̀nà Ojúbọ · Ìṣẹ́gun, 7:38 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Mo bá Màmá kẹ́dùn, n kò sì gbèjà ẹnikẹ́ni. Àmọ́ iṣẹ́ ọnà la fi ń jẹun nílùú yìí, ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá gbọ́ òfin lórí àwòrán. Ẹ wo ère ìbejì. Ìhòòhò ni púpọ̀ nínú wọn. Mo ya ìyá tó ń wẹ ọmọ lẹ́bàá odò Ọ̀ṣun, ọmọ ò wọ nǹkan kan, wọ́n sì ra àwòrán náà. Ní ọjọ́ wo ni wọn ò ní wá sọ pé èmi náà rú òfin? Mo sì ti ń lo kọ̀ǹpútà láti fi ṣe ìlà àwòrán kí n tó kùn ún.

Lọ́yà Òkè-Fìà · Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Òfin méjì ló wà níbí, ibi táwọn èèyàn sì ti máa ń pò wọ́n pọ̀ ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá.

Àkọ́kọ́ ni òfin àtijọ́ lórí ohun ìbàjẹ́ ojú, èyí tó ti wà láti 1961, tó wá wọ inú Criminal Code ní abala 233. Ìbéèrè tirẹ̀ ni: tí a bá wo nǹkan yìí lódindi, ṣé ó lè ba ìwà ẹni tó ṣeé ṣe kó rí i jẹ́? Ọkàn ẹni tó ń wò ó ló ń ṣọ́. Kò bìkítà bóyá fọ́tò ni, kùn-ùn-kùn ni, tàbí kọ̀ǹpútà ló ṣe é, ohun tí ojú bá ti lè wò ni. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò ní ju ọdún 3 lọ tàbí owó ìtanràn 400 náírà, tàbí méjèèjì. 400 náírà! Màmá á sọ fún yín pé kò ra kóńgò èlùbọ́ kan mọ́.

Èkejì ni òfin tó ń dáàbò bo ọmọdé. Kò béèrè ọkàn ẹni tó ń wò ó. Ọmọ tó wà nínú àwòrán ló ń béèrè. Ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ fi wà lára níní in lọ́wọ́ pàápàá, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì wò ó.

Ọmọ tí ìyá ń wẹ̀ lódò kò sí níbì kankan nínú méjèèjì. Abala 23 ò sọ̀rọ̀ nípa ìhòòhò lásán, ìṣesí ìbálòpọ̀ tó hàn gbangba ló kọ síbẹ̀. Ẹ máa ya ọmọ yín lọ.

N kò wá ní tan Màmá o, torí apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ò rọrùn. Bí àwòrán tí àwọn ọmọkùnrin yẹn ṣe bá jẹ́ ìhòòhò nìkan, agbẹjọ́rò wọn á rọ̀ mọ́ gbólóhùn kan náà tí mo fi gba Ayàwòrán. Á ní kò sí ìṣesí kankan níbẹ̀. Èmi á dá a lóhùn pé ẹ̀rọ tó jẹ́ pé torí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ nìkan ni wọ́n fi ṣe é ló bí àwòrán yẹn, ọwọ́ adájọ́ ló sì máa wà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní gbé ẹjọ́ kan ṣoṣo lọ. Abala 24 òfin kan náà, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 2024, mú ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi iṣẹ́ oníṣekúṣe ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ọdún 3 tàbí mílíọ̀nù 7 náírà. Ti 233 tún wà lẹ́yìn. Ká kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ Cybercrimes Act, ọ̀kan sì wà níbí ní Òṣogbo.

Atúnfóònùṣe Old Garage · Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fọ̀rọ̀ tèmi sí i, torí iṣẹ́ àwòrán ni mo ń fi ẹ̀rọ yìí ṣe lójoojúmọ́. Àwọn èèyàn máa ń gbé fọ́tò bàbá wọn àgbà wá, aláwọ̀ dúdú àti funfun, tó ti ya, kí n bá wọn tún un ṣe. Lóṣù tó kọjá, ẹnìkan gbé ti bàbá ìyá rẹ̀ wá. Ẹ̀rọ yẹn fi àwọ̀ sí agbádá, ó hun àga tuntun fún bàbá, ó tilẹ̀ fún un ní ìka mẹ́fà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n àbàjà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé e síbẹ̀ gẹ́lẹ́, ìlà kan ò yẹ̀. Obìnrin yẹn rí i, ó sunkún. Ó ní, "Bàbá mi nìyí."

Ohun tí mo ń sọ ni pé gbogbo nǹkan tó kù lè jẹ́ irọ́, ojú ló ń sọ ẹni tó ni àwòrán. Ẹni tó ní "kì í ṣe ara rẹ̀" kò tíì jókòó ti irú iṣẹ́ yìí rí.

Akẹ́kọ̀ọ́, èyí tó o ní kò pa ẹnikẹ́ni lára, wo ibi tí ẹ̀rọ ti kọ́ ọ. Inú fọ́tò tí wọ́n fi hàn án ni ẹ̀rọ ti ń kọ́ bó ṣe ń yàwòrán. Àìmọye fọ́tò ni wọ́n kó fún un láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kejìlá 2023, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford yẹ LAION-5B wò, ọ̀kan nínú àkójọ fọ́tò ńlá tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ. Àwòrán àwọn ọmọ gidi tí wọ́n fìyà jẹ tó wà níbẹ̀ ju 1,000 lọ. Ìyà àwọn ọmọ yẹn wà nínú ọgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi àkójọ yẹn kọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, àjọ Internet Watch Foundation ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣọ́ irú àwòrán ọmọdé bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, rí àwòrán 20,254 tí ẹ̀rọ dá ṣe tí wọ́n gbé sórí ìkànnì ìkọ̀kọ̀ kan ṣoṣo láàárín oṣù kan. Àwọn tó ń wá ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ níbì kan ní láti máa tú irọ́ wọ̀nyí wò kí wọ́n tó lè mọ ọmọ tó yẹ kí wọ́n sáré lọ gbà là. Ṣé ìyẹn kì í pa ẹnikẹ́ni lára?

Màmá, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Take It Down, àjọ tó ń wá ọmọ tó sọnù ní Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àwòrán ò ní kúrò lórí fóònù. Nọ́ńbà kan bí ìtẹ̀ka ni wọ́n máa yọ lára rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n máa fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá wọn ṣe pọ̀, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá gbé e síbẹ̀. Kò lè wọ inú gúrúùpù WhatsApp, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà ní títì pa. Àmọ́ kó má bàa jáde kúrò níbẹ̀ bọ́ síta, ẹ ṣe é. Ẹ bi lọ́yà ná kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà · Ìṣẹ́gun, 6:03 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. N kò mọ ti àkójọ fọ́tò yẹn. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá.

Ìbéèrè kan ṣì kù fún Lọ́yà: tó bá jẹ́ pé ọmọ tí kò sí láyé rárá ni ẹ̀rọ yà ńkọ́? Kò lójú, kò lórúkọ.

Lọ́yà Òkè-Fìà · Ìṣẹ́gun, 9:26 alẹ́

Tó bá ti jọ òótọ́, ó wà lábẹ́ tiwa níbí. "Àwòrán tó jọ òótọ́" ni òfin wí, kò ní kó lórúkọ. Níbi tó ti dín ni àwòrán ẹ̀fẹ̀, irú èyí tí ojú ti mọ̀ pé fífà ni wọ́n fà á. Abala 23 lè má dé ibẹ̀, ti 233 ló kù. Gẹ̀ẹ́sì dí àyè yẹn pa: láti 1994 ni wọ́n ti ka àwòrán kọ̀ǹpútà tó jọ fọ́tò mọ́ fọ́tò, wọ́n wá fi èyí tí wọ́n fọwọ́ yà kún un ní 2009. Ní 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Bolton rán ọkùnrin kan lẹ́wọ̀n ọdún 18, pẹ̀lú àwọn ẹ̀sùn míì tó wúwo, torí pé ó ń gba fọ́tò ọmọ gidi lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, ó ń fi kọ̀ǹpútà sọ wọ́n di ìbàjẹ́.

Amẹ́ríkà ṣì ń bá a jà. Ní 2025 adájọ́ kan ní Wisconsin fagi lé ẹ̀sùn pé ẹnìkan ní irú rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀, torí ẹjọ́ àtijọ́ kan ti 1969 tó dáàbò bo ohun tí èèyàn ń wò nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀sùn pé ó ṣe é, àti pé ó fi ránṣẹ́ sí ọmọdé, kò kúrò. Ní tèmi, mo fara mọ́ bí tiwa ṣe wà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó wà nínú ìwé láti 2015, ẹni tó ń jókòó ní káńtà ò sì tíì ṣí i.

Olùkọ́ Àdùnní · Ọjọ́rú, 6:50 àárọ̀

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àná, ọ̀rọ̀ kan ò sì jẹ́ kí n sùn. Ọdún 10. Mílíọ̀nù 20. Ọmọ SS2 ni wọ́n. Mo ń kọ́ irú wọn. Mo mọ̀ ọ́n dájú pé ọ̀kan nínú wọn lè má lè dá aṣọ iléèwé rẹ̀ fọ̀. N kò ní kí wọ́n lọ láìjìyà. Ohun tí wọ́n ṣe burú jáì, mo sì rí ohun tó ń sọ ọmọbìnrin dà: á bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́yìn, kò ní nawọ́ mọ́. Àmọ́ ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìlésà là ń gbé wọn lọ, láàárín àwọn adigunjalè?

Lọ́yà Òkè-Fìà · Ọjọ́rú, 7:31 àárọ̀

Rárá mà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ọ̀ṣun náà ti sọ di tirẹ̀, ò gbà kí wọ́n gbé ọmọ tí kò tíì pé 18 gba ọ̀nà ẹjọ́ àgbàlagbà, kò sì gbà kí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n. Ilé ẹjọ́ ẹbí ló ni wọ́n, kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ tí mo dárúkọ lánàá. Wọ́n lè fi wọ́n sábẹ́ ìtọ́sọ́nà, wọ́n lè ní kí òbí san owó gbà-máà-bínú. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní ìlú kékeré kan ní Sípéènì, Almendralejo, ní 2023. Ọmọbìnrin tó ju 20 lọ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ àwọn ọ̀dọ́ fi àwọn ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún kan, wọ́n sì ní dandan ni kí wọ́n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ àti bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin.

Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà tó ń gbowó lórí rẹ̀, àgbàlagbà nìyẹn. Tèmi dúró lórí òun.

Alàgbà Ayétòrò · Ọjọ́rú, 8:12 àárọ̀

Mo ka ọ̀rọ̀ Olùkọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ajé, inú bí mi. Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ ọmọ-ọmọ mi tó wà ní JSS3, ó ní wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ kan ní kíláàsì tiwọn, olúwarẹ̀ ò sì lè sọ ọ́ nílé. Ìyá ọmọ, ẹ forí jì mí. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tẹ̀ lé yín lọ, ẹ sọ.

Ìyá Elélùbọ́ · Ọjọ́bọ̀, 5:44 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bàbá, mo ti gbàgbé ìyẹn, ẹ ṣé. Lọ́yà kan tó jẹ́ obìnrin ló bá mi lọ láàárọ̀ yìí, ó tẹ abala 23 jáde sórí bébà, ó fi bíírò pupa fàlà sídìí ibi tó kọ "àwòrán tó jọ òótọ́". A ò lọ sí káńtà. Ọ́fíìsì tó wà fún ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé la lọ, lórí òkè. Ọ̀gá obìnrin tó wà níbẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè ìwé gbèsè mi, ó da ohun tí mo kọ síbẹ̀ kọ, ó sì gba fóònù mi. Ó kọ ìwé pé òun gbà á, ó tẹ òǹtẹ̀ lé e. Kò ṣí àwòrán náà lójú mi. Ó ní òun á kọ̀wé sí àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ní Àbújá.

Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ó kúnlẹ̀ sáàárín àpò èlùbọ́. N kò mọ ohun tí mo máa sọ. Mo fà á dìde, mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Àìkú kí ọkọ mi wà nílé.

Ọmọ mi béèrè bóyá fọ́tò eré ìje yẹn ṣì wà lójú Facebook iléèwé. Mo ní wọ́n ti yọ ọ́. Ó ní ṣé èmi ò wá tọ́jú ọ̀kan fún òun ni.

Ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ní kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún mi.